Ẹ̀rọ Tó Gba Ẹni Àkọ́kọ́ Gbọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìtàn yìí, ẹ kà á débi tó parí sí. Oró tí ẹ fẹ́ dá ẹlòmíì lè ti mọ ọ̀nà ilé yín.

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Afínjú ń ṣọ́ ẹ̀rọ níléeṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá tẹ orúkọ báǹkì yín sórí fóònù, ẹ̀rọ yìí ló ń júwe ibi tí báǹkì náà wà, bíi ìyá tó jókòó sí ìkóríta tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò.

Ìgbà tó yá, wọ́n fi ọmọbìnrin tí Afínjú fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ṣe ọ̀gá lé e lórí. Akọ̀wé ẹnu ọ̀nà sáré wá bá a.

"Àǹtí, àbúrò yín ló bà yín jẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà. Ó ní ẹ ti gbó."

Afínjú kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. "Èmi ni mo gbó? Á rí i."

Kò pẹ́, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí i pé ihò wà nínú rẹ̀. Tí ẹ̀rọ náà bá ń béèrè ọ̀nà ibi tí kò tíì mọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ló ń gbà gbọ́. Kì í wádìí onítọ̀hún. Olè lè júwe ilé ara rẹ̀ fún un. Wọ́n fi àtúnṣe tó máa dí ihò náà kún iṣẹ́ tí wọ́n rán. Afínjú pa gbogbo rẹ̀ mọ́, ó rọra ń mu tíì.

"Kó jó mọ́ ọn lọ́wọ́."

Ó sì jó. Àwọn èèyàn tẹ orúkọ báǹkì, ilé olè ni wọ́n já sí, wọ́n fọwọ́ ara wọn kó nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ owó wọn fún olè. Oníbàárà kún ẹnu ọ̀nà tẹkún tèébú. Ọ̀gá tuntun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀.

Inú Afínjú dùn débi pé kò lè panu mọ́. "Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sọ fún mi pé ihò wà níbẹ̀. Ta ló wá gbó báyìí?"

Ọ̀gá tuntun gbójú sókè.

"Àǹtí mi, ẹ mọ̀?"

Ọ̀gá àgbà, tó ti wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀, mirí. "Ọmọ yìí ló bẹ̀ mí pé kí n fi ọ́ ṣe olórí gbogbo ẹ̀ka. Ìyẹn ni ipò ọ̀gá ibí fi kàn án. Ọ̀la ni mo fẹ́ kéde rẹ."

Afínjú wojú akọ̀wé. Akọ̀wé ń wo àjà. Nígbà tí ọ̀la mọ́, ọlọ́pàá ló wá kí i.

Ẹ ò rí nǹkan? Ẹ̀rọ àti olùṣọ́ rẹ̀, àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n. Ti ẹ̀rọ ní àtúnṣe.

Ẹ kìlọ̀ fún ara yín: kí ẹ tó gbẹ̀san, ẹ wádìí ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sí yín létí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.