Ajíbóyè àti Oògùn Ọwọ́ Òsì

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá gbọ́ ti ọlọ́gbọ́n kan. Ajíbóyè ń ta oògùn òyìnbó ní Ìgbájọ, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ ju ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún Mórẹ́nikẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Láti ìgbà náà, oògùn ojoojúmọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ tí ohun tí wọ́n gé lọ́rùn rẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìyẹn mímú ara gbóná. Dókítà Fáṣọlá tó ṣiṣẹ́ abẹ náà pe Ajíbóyè.

“Oríṣi méjì ni oògùn yìí. Wọ́n jọra bí ọwọ́ òsì ṣe jọ ti ọ̀tún, bí ojú ṣe jọ òjìji rẹ̀ nínú dígí. Ti òsì lara mọ̀. Òun ni kẹ́ ẹ máa fún wọn o.”

Ajíbóyè délé, ó bú sẹ́rìn-ín. “Èmi? Kí n fi òsì fún ẹ̀gbọ́n mi? A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, àgbà ni wọ́n wá ní kí n fi wò! Oògùn kan náà ni, ti ọ̀tún ló níyì.”

Ti ọ̀tún tí Ajíbóyè mú wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni Mórẹ́nikẹ́ ń gbé mì. Kò pẹ́, ojú rẹ̀ wú, ohùn rẹ̀ há. Lọ́sàn-án ganrínganrín, súwẹ́tà ló wọ̀, ó ń gbọ̀n.

“Ajíbóyè, òtútù ń pa mí.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò tíì pọ̀ tó ni.”

Ló bá fi kún un! Kàkà kára gbóná, àyà obìnrin náà ń lù kì-kì-kì bí ẹni ń gúnyán, ó sì ṣubú lẹ́bàá ààrò. Ìgbà yẹn lẹ̀rù tó ba Ajíbóyè. Ó gbé e sáré lọ sí ọsíbítù, ó sì jẹ́wọ́ oògùn tó ń fún un.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀?” Dókítà pariwo. “Ti ọ̀tún ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ara gbóná, tó bá sì pọ̀, ọkàn ló ń bá jà!”

“Mo ní kí n bọ̀wọ̀ fún àgbà ni, sà.”

“Ọ̀wọ̀ tó fẹ́ẹ́ gbé wọn sin? Ẹ ki bàtà òsì bọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, kẹ́ ẹ rìn délé. Bàtà kan náà ṣá ni!”

Orí ló kó Mórẹ́nikẹ́ yọ. Nígbà tó padà sílé, Ajíbóyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fọwọ́ méjèèjì gbé oògùn òsì síwájú rẹ̀. Kò gbà á.

“Gbé e padà. Dókítà á máa fún mi. Ọ̀tún rẹ o, òsì rẹ o, n ò fọkàn tán ìkankan mọ́.”

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tó jọra kì í ṣe ohun kan náà, àṣà tá a fi ń kíni kọ́ la fi ń wo àìsàn. Ẹni tó mọ̀ ti sọ̀rọ̀, ìwọ tí o ò mọ̀ ń tún un ṣe; ta ló rán ọ? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.