Àwo Fídíò Mofẹ́olúwa

Japhet gbé ẹ̀rọ dé láti Ṣómólú, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá Mofẹ́, ẹni tó ta ẹ̀rọ yìí fún mi ní àwo fídíò yẹn ò bàjẹ́ rárá! HD ni wọ́n fi yà á. DVD àtijọ́ wa ni kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀rọ Blu-ray yìí máa kà á."

Adébùnmí, ìyàwó rẹ̀, gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀.

"Ṣé a máa gbọ́ ohùn rẹ̀?"

"Gbogbo orin tó kọ lọ́jọ́ ìkórè! Àlàfo eyín iwájú rẹ̀ gan-an, wàá rí i."

Mofẹ́olúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti kú lọ́dún tó kọjá. Olè ti jí fóònù tí fọ́tò rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwo náà nìkan ló kù.

Japhet so wáyà mọ́ tẹlifíṣàn. Iná ẹ̀rọ tàn.

"Ó yá, mú un wá."

Adébùnmí wò ó lójú.

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé òfìfo ni, bàbá Mofẹ́."

"Mo ṣì í. Ibo ló wà?"

Adébùnmí mú un lọ sẹ́yìn ilé, létí ọ̀sà Bàríga, níbi tí wọ́n ń sá ẹja sí. Àwọn àwo àlòkù ń yí lórí okùn, wọ́n ń kọ mànà láti lé ẹyẹ.

Ó nawọ́ sí ọ̀kan.

"Mo bẹ̀ yín lọ́jọ́ náà pé kí ẹ má so ó kọ́. Ẹ ní ọmọ ṣáà wà nílẹ̀, a máa ya òmíràn. Ọwọ́ ara yín lẹ fi so ó."

Japhet tú u. Oòrùn àti òjò ti bó gbogbo ara rẹ̀ tó ń dán, níbi tí àwòrán wà; ó ti mọ́ gaara bíi gíláàsì.

Ó gbé e sójú.

Ó rí ìyàwó rẹ̀ kedere lódìkejì àwo náà, tó ń sunkún.