Páálí Tó Gbé Wá Fúnra Rẹ̀

"Kò sí."

Mo rọra sọ ọ́. Mo fẹ́ kó wọ̀ ọ́ lára.

Ọ̀gá tó ń tọ́jú yàrá oògùn ilé ìwòsàn wa ló dúró síwájú mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìbímọ, tí òógùn bò ó.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́! Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi ò dá. Abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ńkọ́?"

"Mo ní kò sí. Ẹ lọ rà á níta."

Ohun tó sọ fún mi gan-an nìyẹn lóṣù méjì sẹ́yìn, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi ò dá. Kí n tó rí i rà dé, àbúrò mi ti kú.

Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò ní tán léèékánná.

Ó sáré jáde. Kò pẹ́, ó ti padà dé, ó gbá odidi páálí kan mọ́ àyà.

"Ó wà! Ilé mi ló wà! Ẹ mú iye tẹ́ ẹ bá fẹ́!"

Mo yí páálí náà síta kí gbogbo èèyàn rí i. Òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn wa wà lára rẹ̀ gbàgàdà.

Mo fọwọ́ kan ìgò kan. Oògùn tó yẹ kó wà nínú fíríìjì ti gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe.

"Èyí ò lè dá ẹ̀jẹ̀ eṣinṣin dúró mọ́, ọ̀gá."

Ó wólẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wa, tí wọ́n ti ń gbọ́ gbogbo ẹ̀, jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, wọ́n gba páálí náà.

Ìgbà yẹn ni mo ṣílẹ̀kùn.

Ìyàwó ẹ̀ jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fún ọmọ lọ́mú.

Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó kù nínú fíríìjì wa, òun ni mo ti gún fún un, kí n tó ní kí wọ́n lọ pe ọkọ ẹ̀ wá.