Ìràwọ̀ Mélòó Lẹ Rí?

Lọ́jọ́ Ajé, Sikirath mú bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Parakou. Àgbẹ̀ ni bàbá náà, Karimou, ní abúlé Alafiarou, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò sì wọ awò ojú rí. Ṣùgbọ́n Sikirath, ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ló ní, “Dókítà ní kí ẹ bá mi wá, Bàbá.” Ó sì bá a lọ.

Dókítà tan iná sí àwọn méjèèjì lójú. Lẹ́yìn náà, ó bá Sikirath sọ̀rọ̀ pẹ́ ní Faransé. Karimou ò gbọ́ Faransé. Ẹnu dókítà ló ń wò, ó tún ń wo ojú ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ó bi í pé kí ni wọ́n wí.

“Ẹ jẹ́ ká délé ná.”

Wọ́n délé, kò sọ. Ẹ̀yìn ògiri ilé ìdáná ni Karimou ti gbọ́ nígbà tí Sikirath ń bá ìyá rẹ̀, Adjara, sọ̀rọ̀.

“Wọ́n ní kò lóògùn, Màmá. Alẹ́ ló kọ́kọ́ ń mú lọ, tó bá yá, á mú ọ̀sán náà lọ. Ẹ má tíì sọ fún Bàbá.”

Karimou gbọ́ ẹkún ìyàwó rẹ̀. Ó rọra padà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìrun alẹ́, Sikirath tẹ́ ẹní sí àgbàlá, ó mú fóònù rẹ̀ jáde. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé: téèyàn bá na fóònù sí ọ̀run, á kọ orúkọ ìràwọ̀ tó wà níbẹ̀ síta.

“Bàbá, ó ní Àgùàlà wà lókè igi kajú yẹn. Ṣé ẹ rí i?”

Karimou wò ó pẹ́. “Mo rí i.”

“Ṣé ó mọ́lẹ̀?”

“Bí àtùpà.”

Sikirath yí fóònù. “Àwọn tó ṣù mọ́ra bí ọmọ adìyẹ ńkọ́? Mélòó lẹ rí?”

“Mẹ́fà.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

Ó tún wọn kà. “Mẹ́fà ni.”

Inú ọmọ náà ò dùn. Karimou rò pé bóyá méje ló yẹ kóun rí. Nígbà tí wọ́n ń wọlé, Sikirath di apá rẹ̀ mú gírígírí, kò fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà. Ojú ti Karimou, ṣùgbọ́n ó gbà fún un.

Ní ìdájí, ó mú Adjara lọ sóko, ó fi ààlà tó wà láàárín wọn àti oko Djibril hàn án, igi kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tó padà délé, ó dijú, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ láti ìdí kànga dé ẹnu ọ̀nà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó forí sọ òpó ilé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, kò sì tètè dìde.

Alẹ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ka ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ kẹrin, Karimou ò ka ìràwọ̀ mọ́.

“Sikirath, má fi ìràwọ̀ dán mi wò mọ́. Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún ìyá rẹ. Oṣù mélòó ló kù fún ojú mi?”

“Nǹkan kan ò ṣe ojú yín, Bàbá,” ni Sikirath wí, fóònù ṣì wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀. “Èmi ni mi ò rí nǹkan kan lókè yìí mọ́.”