Aṣọ Pupa Ara Kẹ̀kẹ́ Mùílíù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán, torí ìparí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe kọ ọ́.

1.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Mísẹ̀bọ́ ní Kùtọnu ni Mùílíù ọmọ Ìlaròó ti ń fi kẹ̀kẹ́ háyà. Mọ́kànlá ló ní, ó sì máa ń nù wọ́n títí wọ́n á fi máa dán. Lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn akọ̀wé àti tíṣà á gbé kẹ̀kẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á gba ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, lábẹ́ àwọn igi àgbọn, wọ́n á máa gbafẹ́ lọ títí dé Godomẹ. Kò sí òkè kankan lójú ọ̀nà yẹn. Bàbá arúgbó pàápàá lè wa kẹ̀kẹ́ débẹ̀ láì mí hẹlẹ.

Mùílíù ní òfin kan tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ mọ̀. Kẹ̀kẹ́ tó bá ti bàjẹ́, á so aṣọ pupa mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Bó o bá ti rí aṣọ pupa, má fọwọ́ kàn án. Sìdíkàt àbúrò rẹ̀ ló gé aṣọ náà fún un, lára àjákù tó ń ṣẹ́ kù níbi tó ti ń ránṣọ. Mùílíù ló tọ́ ọmọbìnrin yìí dàgbà látìgbà tí ìyá wọn ti kú. "Fòfó" ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní Kùtọnu. Ó ku oṣù kan kó lọ sílé ọkọ.

2.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú òmìnira, tíṣà kan tó ń jẹ́ Àjàyí dá kẹ̀kẹ́ padà tìbínútìbínú.

"Mùílíù, ìjánu kẹ̀kẹ́ yìí ò ṣiṣẹ́ mọ́ o! Mo tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, kò dúró. Díẹ̀ ló kù kí n já sínú ọ̀sà."

"Ẹ má bínú, tíṣà. Mo máa tún un ṣe."

Ó so aṣọ pupa mọ́ ọn, ó gbé e ti ògiri. Ṣé ó tún un ṣe? Rárá o. Lónìí á ní ọ̀la, lọ́la á ní ọ̀tunla.

3.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960 pé. Dahomẹ gbòmìnira, gbogbo ìlú tú síta. Kí oòrùn tó mú, kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá ti jáde, èrò ṣì ń bèèrè. Mùílíù wo èyí tó wà lára ògiri. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Látífàt ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, kò sẹ́ni tó ń wò ó.

"Kùtọnu tẹ́jú bí ọpọ́n," ló sọ fún ara rẹ̀. "Kí lẹnikẹ́ni fẹ́ fi ìjánu ṣe?"

Ẹ ò rí i bí ojúkòkòrò ṣe ń kọ́ èèyàn lọ́rọ̀! Ó tú aṣọ pupa náà, ó tì í bọ àpò, ó gbé kẹ̀kẹ́ síta. Bó ṣe gbé e kalẹ̀ ni oníbàárà kan pè é láti ìkóríta pé ṣéènì kẹ̀kẹ́ òun já. Mùílíù pariwo pé kí Látífàt bọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì sáré lọ.

4.

Nígbà tó dé, kẹ̀kẹ́ ti lọ. Inú rẹ̀ dùn.

"Ta ló gbé e?"

"Sìdíkàt ni," Látífàt dáhùn. "Ó fẹ́ gbé aṣọ tó rán lọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ ní Godomẹ. Mo ní kó mú èyí tó kù."

Ẹ̀rín kú lójú Mùílíù. Ó rántí pé kéèyàn tó wọ Godomẹ, ọ̀nà yẹn gba orí irin kọjá, àti pé lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ojú irin ń kó èrò bọ̀ láti Wìdà.

"Látífàt, mo gbé!"

Oníbàárà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá so ṣéènì ń kọjá lọ. Mùílíù já kẹ̀kẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ ní kó má bínú, ó fò sórí rẹ̀.

5.

Ó wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lẹ́yìn tó ti wà á títí, ó rí gèlè yẹ́lò níwájú lọ́ọ̀ọ́kán.

"Sìdí! Dúró! Sọ̀ kalẹ̀!"

Sìdíkàt bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín. Láti kékeré ni àwọn méjèèjì ti máa ń fi kẹ̀kẹ́ sá eré ìje lójú ọ̀nà yìí. Ó rò pé eré náà ni.

"Fòfó, ẹ ò lè bá mi lónìí o!"

Ó tẹ pẹ́dàlì gan-an. Ìgbà náà ni fèrè ọkọ̀ ojú irin dún. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibi tí ọ̀nà ti gba orí irin kọjá ń ju àsíá rẹ̀, ó ń pariwo. Sìdíkàt tẹ ìjánu. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Fòfó!"

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fipá yí kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣubú, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì wà lórí irin.

6.

Kò kú. Ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ẹ sì rántí pé ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lò. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ wá kí i lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò wá mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tó lajú lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí.

"Fòfó, ẹ má bínú sí mi. Mo yẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yẹn wò dáadáa kí n tó gbé e. Mi ò rí aṣọ pupa kankan. Àbí ó já bọ́ ni?"

Mùílíù ki ọwọ́ bọ àpò. Aṣọ náà ṣì wà níbẹ̀. Kò lè yọ ọ́ jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìtàn yìí, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi ọkọ̀ háyà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta oògùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́lé fún ẹlòmíràn gbé, bẹ́ ẹ bá mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, ẹ má ṣe bò ó torí pé èrò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má sì sọ pé ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí ló máa gbé e. Ẹni tó máa gbé e ni ẹni tó gbà yín gbọ́ jù lọ.

Mùílíù ta gbogbo kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Sìdíkàt ò bi í ní ìbéèrè yẹn mọ́, òun náà ò sì tíì dáhùn rẹ̀.