Gáùn Pupa Tí Kò Pàdé Lẹ́yìn

Akínkúnmi ra gáùn pupa kan ní Òṣogbo, ó gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀, níbi tí ìyàwó rẹ̀ á ti máa rí i. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ra èyí tó kéré. Sátidé ìparí oṣù ni àsè àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì tó ti ń ṣe akọ̀wé, tọkọtaya ni wọ́n sì ń lọ.

"Gbémisọ́lá, tí síìpù ẹ̀yìn aṣọ yìí kò bá pàdé lọ́jọ́ náà, ara rẹ ló máa sọ fún ọ."

Kì í ṣe ẹnu lásán. Lẹ́yìn àsè tó kọjá, ọ̀gá rẹ̀ wo fọ́tò wọn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Akínkúnmi, ìyàwó rẹ nìyí àbí ilé tí ò ń kọ́?" Nígbà tó délé, Gbémisọ́lá ń jẹ ẹ̀bà. Oúnjẹ máa ń dùn mọ́ ọn. Tó bá ń jẹun, ojú rẹ̀ á tàn bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí kú oríire. Akínkúnmi gbé orógùn, ó là á mọ́ ọn lẹ́nu. Eyín iwájú rẹ̀ kan bọ́ sínú àwo. Esther, aládùúgbò wọn, ló gba orógùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní tí òun bá tún rí irú ẹ̀, ọlọ́pàá lòun máa pè.

Ìdí nìyẹn tí Akínkúnmi fi lọ mú ìyá rẹ̀, Àpèkẹ́, wá láti abúlé wọn ní Alájùé. Bí ìyá ọkọ bá ń bá ìyàwó wí, ta ni yóò dá sí i?

Àpèkẹ́ wo ihò eyín náà. Ó wò ó pẹ́.

"Ọwọ́ rẹ le jù," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Wàá pa á, wàá sì lọ sẹ́wọ̀n. Fi í lé mi lọ́wọ́."

"Ṣé ẹ ò níí ṣàánú rẹ̀, Ìyá?"

"Wo apá mi." Apá òsì rẹ̀ kò lè nà tán. "Ọmọ odó ni bàbá rẹ fi ṣẹ́ ẹ. Ó ní mo gbẹ bíi pánlá, egungun mi ń gún òun lórí ibùsùn. Ta ló ṣàánú mi?"

Akínkúnmi rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà gan-an ló ra kòbókò fún un.

Láràárọ̀, ó ń ti yàrá oúnjẹ pa, ó ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi iṣẹ́. Ìbẹ́pẹ àti kùkúmbà ló ń fi sílẹ̀ fún Gbémisọ́lá. Iṣu tí Àpèkẹ́ gbé ti oko wá wà ní ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, torí a kì í fi kùkúmbà bọ́ àgbàlagbà. Tí Akínkúnmi bá dé nírọ̀lẹ́, á ní kí ìyàwó wọ gáùn náà. Síìpù á gùn dé ìdajì, á kọ̀. Akínkúnmi á gbá a létí, á fi orí rẹ̀ sọ ògiri. Àpèkẹ́ á dìde.

"Ó tó. Jọ̀wọ́ rẹ̀ fún mi."

Á wọ́ ọ lọ sí ilé ìdáná, á ti ilẹ̀kùn. Akínkúnmi á yí rédíò sókè kí Esther má baà gbọ́, á na ẹsẹ̀ sórí àga. Síbẹ̀, ó ń gbọ́ kòbókò: pàá! pàá! Ó ń gbọ́ igbe Gbémisọ́lá, bí igbe ẹni tí ẹkún dí lọ́fun. Ó ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀.

"Gbé e mì! Mo ní kí o gbé e mì!"

Ara rẹ̀ á balẹ̀.

Tí Àpèkẹ́ bá jáde, òógùn á ti bò ó, háríhá àgbàdo á lẹ̀ mọ́ ìró rẹ̀. Gbémisọ́lá á tẹ̀lé e, á tẹrí ba, á máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Mi ò rí àpá lára rẹ̀," Akínkúnmi sọ lọ́jọ́ kan.

"Ibi tí aṣọ bò ni mò ń nà. Àbí o fẹ́ kí Esther rí i ni?"

"Kùkúmbà ló wá ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ dán báyìí? Ẹ fi kún un, Ìyá."

"Ojoojúmọ́ ni mò ń fi kún un."

Sátidé pé. Lọ́sàn-án, síìpù gáùn náà já mọ́ Akínkúnmi lọ́wọ́. Ó fa bẹ́líìtì rẹ̀ yọ. Irin orí rẹ̀ la ìpéǹpéjú Gbémisọ́lá, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, kò sì hàn lára aṣọ pupa.

"Ẹ dákun," Gbémisọ́lá ní. "Ẹ dákun, ojú mi."

Àpèkẹ́ wo ẹ̀jẹ̀ náà. Ó wò ó pẹ́.

"Jọ̀wọ́ rẹ̀ fún mi."

"Ìyá, ẹ fọ́ egungun rẹ̀ lónìí."

"Egungun á fọ́ lónìí," Àpèkẹ́ ní, ó sì mú un lọ.

Akínkúnmi yí rédíò dópin. Pàá! Pàá! Igbe sọ. "Gbé e mì!" Ṣùgbọ́n lónìí, gbígbọ́ nìkan kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ká bẹ́líìtì mọ́ ọwọ́, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ilẹ̀kùn tí wọ́n máa ń tì kò tì. Ó wọlé.

Àpò èlùbọ́ kan tí wọ́n kó háríhá kún ló ń fì lára àjà, kòbókò ti fà á ya. Gbémisọ́lá jókòó sórí àpótí nídìí odó, ẹ̀jẹ̀ lójú, òkèlè iyán lẹ́nu.

"Gbé e mì, ọmọ mi," Àpèkẹ́ sọ jẹ́jẹ́, "kí o wá fọwọ́."

Ó fi ìdábùú ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn Akínkúnmi, ó gbé kòbókò lé ìyàwó lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ fi apá òsì rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́ gbé ọmọ odó, rédíò tí Akínkúnmi fọwọ́ ara rẹ̀ yí dópin sì ń ké tantan ní pálọ̀.