Àjíbíkẹ́ àti Fóònù Arẹmọlẹ́kún

"Màmá mi, ọkùnrin tí wọ́n gbé táyà kọ́ lọ́rùn nínú fóònù yẹn, ṣé ó ti délé báyìí?"

Tẹjú, ọmọ ọdún márùn-ún, ló béèrè bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Mafolúkù, nígbà tí Morọ́lá ìyá rẹ̀ wá mú un nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Morọ́lá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ bisikíìtì dé láti Ìsọlọ̀, yíjú sí Àjíbíkẹ́ tó ń bá a tọ́jú ọmọ.

"Ẹ̀gbọ́n, irú táyà wo ló ń sọ yìí?"

Àjíbíkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà ń fetí sí Tẹjú! Ṣebí àná ló ní ewúrẹ́ láńlọ́ọ̀dù kí òun pé ẹ káàsán."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ fóònù yẹn wò."

"Mo ti gbọ́."

Bí Àjíbíkẹ́ ṣe rí nìyẹn. Kì í ṣe ènìyàn búburú, àmọ́ ó fẹ́ràn ìrọ̀rùn ju ìṣọ́ra lọ, kò sì sí ìkìlọ̀ tí kì í fi ẹ̀rín gbé dànù.

Àwọn ìyá tó ń ṣe ṣíìfù, iṣẹ́ àṣegbà, láwọn ilé iṣẹ́ Ìsọlọ̀ ló ń fi ọmọ tì í. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ mẹ́ta péré ló kún Súnkànmí, ọmọ tirẹ̀, ariwo wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò nílé. Èyí ń ké pé wọ́n gba bọ́ọ̀lù òun, èyí ń jẹ iyẹ̀pẹ̀. Lọ́jọ́ kan ló na fóònù kejì ọkọ rẹ̀ sí wọn kí wọ́n máa wo àwòrán ẹranko tó ń kọrin. Kíá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ pa lọ́lọ́. Láti ọjọ́ náà ni fóònù ti di arẹmọlẹ́kún, tí òkìkí Àjíbíkẹ́ sì kàn. "Ọmọ kì í sunkún lọ́dọ̀ Ìyá Súnkànmí," làwọn ìyá ń wí fún ara wọn. Kí ọdún tó yípo, ọmọ mẹ́sàn-án ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ń ráyè sun oorun ọ̀sán.

Ṣùgbọ́n fóònù iṣẹ́ ni fóònù náà. Gàfárù, ọkọ rẹ̀, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún àwọn ilé iṣẹ́ Ìsọlọ̀. Òun àti àwọn awakọ̀ bíi tirẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan lórí Wọ́sáàpù, níbi tí wọ́n ti ń fi fídíò ránṣẹ́ síra wọn láàárọ̀ kí wọ́n tó gbéra, kí wọ́n lè mọ ọ̀nà tó dí; bí Gàfárù bá sì ti ń jáde, á fi fóònù náà sílé. Kò pẹ́ tí ohunkóhun tí ojú wọn bá rí lójú títì fi ń wọ ibẹ̀: ọkọ̀ tó dojú dé, ìjà, olè tí èrò mú tí wọ́n gbé táyà kọ́ lọ́rùn láti dáná sun. Fóònù náà a sì gba gbogbo rẹ̀ pamọ́ fúnra rẹ̀, sáàárín àwòrán ẹranko àwọn ọmọ.

"Ìyá Súnkànmí, fóònù iṣẹ́ nìyẹn o," Gàfárù kìlọ̀. "Ohun tó wà níbẹ̀, àgbà ń gbójú kúrò, áńbọ̀sì ọmọdé."

"Ẹ kúkú sọ pé ẹ ní àlè tí ẹ kò fẹ́ kí n rí níbẹ̀."

Gàfárù rẹ́rìn-ín, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Òun náà kò pa fídíò kan ṣoṣo rẹ́. Igi gánganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó; nínú ilé yìí, kò sẹ́ni tó wò ó.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, kò sí iná, bátìrì fóònù sì kú. Àwọn ọmọ kò rí nǹkan wò mọ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tí wọ́n ti wò ṣeré. Àjíbíkẹ́ gbọ́ "Olè! Olè!" láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní eré ọmọdé ni, ó yí ẹ̀gbẹ́ kejì padà.

Ẹ̀rọ kan bàjẹ́ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, Morọ́lá sì tètè dé. Ó bá Súnkànmí lórí ìkúnlẹ̀ láàárín ọgbà, ògbólógbòó táyà ọ̀kadà lọ́rùn rẹ̀, àwọn yòókù yí i ká, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Tẹjú, ọmọ tí kì í lè pa èèrà, ló di páálí ìṣáná mú. Igi méjì ti dá sí i lọ́wọ́.

"Tẹjú! Kí lò ń ṣe?"

"Màmá mi, èmi ló kàn láti ṣá a."

Morọ́lá já ìṣáná náà gbà, ó yọ táyà lọ́rùn ọmọ ọlọ́mọ, ó wá figbe ta. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ jáde wá wo ohun tí wọ́n ti kọ́ níbí!"

Àjíbíkẹ́ sáré jáde tòun ti ìró láyà. Nígbà tó gbọ́ pé ọrùn Súnkànmí ni wọ́n gbé táyà náà kọ́, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ìyá ti kó ọmọ wọn lọ. Ọ̀kan nínú wọn ní, "A ní ọmọ kì í sunkún lọ́dọ̀ yín. A kò mọ̀ pé ojú wọn lẹ fi ń ra ìdákẹ́ ẹnu wọn." Àjíbíkẹ́ lọ bẹ̀ wọ́n láti ilé dé ilé. Wọ́n dárí jì í, àmọ́ kò sẹ́ni tó dá ọmọ padà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá dákẹ́ ju bó ṣe fẹ́ lọ.

Èyí tó dùn ún jù ni ti Súnkànmí. Ọmọ náà kò jẹ́ kí wọ́n de bọ́tìnnì ọrùn aṣọ ilé ìwé rẹ̀ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní olè. Lóru, á ta gìrì, á máa ké pé, "Wọ́n ń bọ̀!"

Gàfárù pa gbogbo fídíò rẹ́, ó sì jókòó ti ọmọ rẹ̀. "Èmi àti ìyá rẹ la jẹ̀bi. Ìwọ kò ṣe nǹkan kan." Àjíbíkẹ́ alára kò fi ẹ̀rín gbé ìbéèrè Súnkànmí kankan dànù mọ́, á gbé e lé ẹsẹ̀, á máa dá a lóhùn títí ahọ́n rẹ̀ á fi wúwo. Ó tó oṣù méjì kí alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan tó dé tí ọmọ náà sùn láìta gìrì. Gàfárù pa iná. Àjíbíkẹ́ ń ka èémí ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí oorun fi gbé òun náà lọ.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá ẹlẹgbẹ́ mi, kò sí ẹni tó máa fi ọmọ ọdún márùn-ún sílẹ̀ láàárín ọjà Òṣòdì pé kó máa rìn kiri títí òun á fi jí lójú oorun. Ọjà tó tóbi ju Òṣòdì lọ ni fóònù: olóore ń ná an, ìkà ń ná an. Fóònù tí àgbà fi ń ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe fi rẹ ọmọ lẹ́kún. Èyí tí ẹ máa fún un, ẹ yẹ inú rẹ̀ wò kí ẹ tó fún un, kí ẹ sì jókòó tì í. Bí ọmọ bá sì béèrè ohun tó ṣàjèjì, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó ti rí i. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Iṣẹ́ yìí kò ju agbára wa lọ.